Kaba Fíríìjì

Nígbà yẹn, Bàbá Dírẹ́bà ṣì wà láyé, eyín iwájú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé ẹni tó ń ka ìròyìn ń gbọ́ ọ. Ajá àwọn ará ìsàlẹ̀, èyí tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀, ṣì wà láyé. Ẹ̀gbọ́n náà ṣì wà láyé. Ká má parọ́, nínú ilé yẹn, Ẹ̀gbọ́n ló wà láyé jù.

Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Dírẹ́bà ni lóbìnrin. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí ló kó wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà di ọdún mọ́kànlá. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n fún un. Ó gbé àga onítìmùtìmù kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, orí àga yẹn ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń wo gbogbo ohun tí Ìyá Télọ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀, bá ń ṣe nídìí sítóòfù. Bí Ìyá Télọ̀ bá bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á ti ka hóró rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ìyá Télọ̀ fi ogójì ọdún ránṣọ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó rán aṣọ ìyàwó, ó rán aṣọ nọ́ọ̀sì, ó rán aṣọ fún àwọn èèyàn tó sanra débi tí wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ mú owó tó bá já bọ́ nílẹ̀, aṣọ náà kò sì ya. Gbogbo ayé ló ń yìn ín, àfi Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n á gbé aṣọ sókè, á wo ojú rẹ̀, á yí i padà wo inú rẹ̀, á fa ojú rírán lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, "Ó bo ara." Ó tán nìyẹn. Odidi ogójì ọdún, "Ó bo ara."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin wọn àgbà ra fíríìjì tuntun ránṣẹ́ sí wọn nítorí oògùn Ẹ̀gbọ́n. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá Ẹ̀gbọ́n fínra, abẹ́rẹ́ ló ń gbà láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì sì ti fà á létí pé ìgò oògùn náà gbọ́dọ̀ wà níbi tó tutù: kò gbọ́dọ̀ dì, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná. Fíríìjì náà ga ju Bàbá Dírẹ́bà lọ. Òkè rẹ̀ ni fírísà, ìsàlẹ̀ ni ibi tí nǹkan kàn ń tutù lásán. Ẹni tó gbé e wá sọ fún wọn pé irú èyí kì í hu yìnyín sára ògiri bíi tàtijọ́, pé kò sẹ́ni tó tún máa fi ọ̀bẹ họ yìnyín kúrò mọ́.

"Fírísà tí kì í hu yìnyín," ni Ẹ̀gbọ́n wí láti orí àga rẹ̀. "Kí ló wá sọ ọ́ di fírísà?"

Ìyá Télọ̀ fẹ́ràn fíríìjì náà bí ẹní bímọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, òtútù á da jáde, á bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, á sì ṣòfò. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó wá dá a lójú pé ohun tí òtútù bá ń sá kúrò lára rẹ̀, aṣọ ló nílò. Ó fa téèpù yọ, ó wọn fíríìjì náà ní èjìká, ó wọn àyà, ó wọn gígùn. Aṣọ àrán pupa kan wà tó ṣẹ́kù lára kọ́tìnnì tó rán fún gbọ̀ngàn kan láyé àtijọ́. Ó tẹ́ òwú sínú rẹ̀, ó sì gé kaba: kaba tó bo orí, tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn délẹ̀, tó ní bọ́tìnnì mẹ́jọ. Sí etí ilẹ̀kùn, ó rán ìṣẹ́po, etí aṣọ tó ṣẹ́ po, yí i ká bí ọrùn aṣọ ọmọge, ó sì ki ìṣẹ́po náà bọ abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn kí òtútù má baà rí ibi jò gbà.

"Àbúrò!" Ẹ̀gbọ́n pe Bàbá Dírẹ́bà. "Wá wo ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún ọ."

Bàbá Dírẹ́bà dé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ó mà gbayì o. Ó ga, ó pupa, kì í sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú rírán rẹ̀ ná," ni Ìyá Télọ̀ wí.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó fa ojú rírán lẹ́ẹ̀mejì. "Ó bo ara," ló wí. Ó jókòó padà. "Àmọ́ ooru á mú un."

"Fíríìjì kọ́ nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi? Báwo ni ooru ṣe máa mú fíríìjì?"

"Èmi ò mọ̀wé o. Mo kàn ní ooru á mú un ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ajé kan, mílíìkì inú rẹ̀ ti kan. Tòmátì rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́. Ẹja tó wà lókè ṣì le díẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n mú ìgò oògùn rẹ̀ jáde, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo Ìyá Télọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá wọn. Ẹ̀gbọ́n kì í wo èèyàn kó má sọ nǹkan.

Bàbá Dírẹ́bà ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì sí ẹ̀rọ kan láyé lójú rẹ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti ẹnu sukudiráfà sára fíríìjì náà, ó ti ìdí rẹ̀ sí etí ara rẹ̀, ó di ojú.

"Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Gáàsì ló tán."

"O rí gáàsì náà ni?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń rí gáàsì?"

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé kò sí mọ́?"

Bàbá Dírẹ́bà ti sukudiráfà bọ àpò. Ó gbá fíríìjì náà létí lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń gbá ọkọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwo mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ dànù, ó sì ṣàn sára kaba.

Wọ́n kó oògùn sínú fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò, wọ́n fi yìnyín rírà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì sáàárín kí yìnyín má baà kan ìgò. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n kò gbé fúláàsì náà sílẹ̀ mọ́. Ó ń gbé e jẹun, ó ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó ń gbé e sórí itan bí ọmọ ìkókó. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù, èyí tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú mọ́tò.

"Mọ́mì," ni ọmọ náà wí, tí gbogbo ilé ń gbọ́, "oògùn yẹn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí fíríìjì yẹn ò bá dára, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wá mú yín. Fíríìjì méjì ló wà nílé mi."

"Fíríìjì méjì," ni Ẹ̀gbọ́n wí nígbà tó pa fóònù, "àti èèyàn kan ṣoṣo tí kì í sí nílé. Ta ni màá máa bá jà níbẹ̀?"

Ìyá Télọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní kí inú òun máa dùn. Ó tilẹ̀ dán an wò: lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ tuntun lọ́sibítù, ó dáná láìsí ẹnikẹ́ni lórí àga yẹn. Kò sẹ́ni tó ní epo ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, òun alára ló gbàgbé iyọ̀. Ó dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ń wo àga òfìfo.

Lọ́jọ́ náà ló bọ́ kaba fíríìjì láti fọ mílíìkì kúrò lára rẹ̀. Nítorí òórùn mílíìkì kíkan, ó yọ wáyà iná fíríìjì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi wáyà padà, ọ̀rọ̀ di àrà: fíríìjì tutù! Omi inú rẹ̀ tutù, mílíìkì tuntun tutù, fáànù inú rẹ̀ ń kùn wùùù bí oyin.

"Ẹ rí i?" Bàbá Dírẹ́bà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. "Ìgbátí yẹn ni. Ọwọ́ yìí náà ni mo fi jí ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì mẹ́rin ti kọ̀ sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n kó oògùn rẹ̀ padà sínú fíríìjì. Ìyá Télọ̀ lọ kaba, ó sì wọ̀ ọ́ fún un padà. Nítorí pé Ẹ̀gbọ́n ti ní ìṣẹ́po ẹnu ilẹ̀kùn rọ̀ bí etí ewúrẹ́, ó rán ìṣẹ́po náà ní ìlọ́po méjì, ó sì fi ìdí ṣíbí kì í bọ abẹ́ rọ́bà dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kan ni fíríìjì náà fi ṣiṣẹ́. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tí òtútù ń gbọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dákẹ́. Bàbá Dírẹ́bà gbá a létí títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ọwọ́ kò ràn án mọ́, ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ fíríìjì. Ẹ̀gbọ́n gbé fúláàsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Télọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó fẹ́ gán bọ́tìnnì kan tó ń já lọ lára kaba. Ó fa òwú gùn, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Òwú náà kọ̀, kò dúró. Ó ń jó. Ó gbé e jìnnà, òwú dúró. Ó gbé e padà sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí ìṣẹ́po wà, òwú tún jó. Atẹ́gùn ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ìṣẹ́po náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń tọ ojú rírán, gbogbo ibi tí aṣọ gbà kọjá ni ilẹ̀kùn kò ti pàdé.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tò lójú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti gé. Ìgbà tí kaba wà lára fíríìjì, ó ṣàìsàn. Ìgbà tó bọ́ ọ, ara rẹ̀ yá. Ìgbà tó tún wọ̀ ọ́, tó tún fi ìlọ́po méjì kún un, àìsàn dé kíákíá. Ẹ̀gbọ́n sì ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Bó bá sọ, títí ayé ni Ẹ̀gbọ́n yóò máa fi kọrin. Ogójì ọdún "Ó bo ara" yóò wá di "aṣọ rẹ̀ ló pa fíríìjì." Ó yára fa ìṣẹ́po náà yọ kúrò lábẹ́ rọ́bà, ó ká a sábẹ́ kaba, ó ní bóyá fíríìjì á kàn dìde fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn.

Obìnrin kan ló wọlé, kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ó gbé àpótí irin lọ́wọ́. Bàbá Dírẹ́bà yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Èmi lọ̀gá, Bàbá."

"Gáàsì ńkọ́? O ò gbé gáàsì dání?"

"Ta ló ní gáàsì ló tán?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ó wọ ilé ìdáná, ó sì dúró sójú kan. "Ẹ jọ̀ọ́, fíríìjì náà dà?"

"Òun lò ń wò yẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Háà! Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí fúláàsì fi ń mì lórí itan rẹ̀. Ìyá Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Oníṣẹ́ fíríìjì ya ìwé kan, ó há a sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wá fa ìwé náà. Lápá ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara fíríìjì, ìwé kọ̀, kò yọ. Lápá ọwọ́ ìfàlẹ̀kùn, ó yọ wẹ́rẹ́. Ó mi orí. Ó tú ìdè pátákó funfun tó wà lẹ́yìn fírísà nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó gbé pátákó náà kúrò, gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Yìnyín ni, funfun báláú, ó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, fáànù sì há sáàárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sin láàyè.

"Wọ́n ní kì í hu yìnyín!" ni Bàbá Dírẹ́bà kígbe.

"Ó ń hu ún, Bàbá. Ojú ló ń tì í, ẹ̀yìn ibí ló ń kó o pamọ́ sí. Iná kékeré kan wà níbí tó máa ń gbóná látìgbàdégbà láti yọ́ ọ, omi rẹ̀ á sì gba ihò yìí lọ. Fáànù yìí ló ń fẹ́ òtútù sísàlẹ̀. Àmọ́ tí atẹ́gùn ìta bá ń ráyè wọlé tọ̀sán-tòru, yìnyín á pọ̀ ju agbára iná yẹn lọ, á sì di fáànù mú. Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló yọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó tún tutù." Ó fọwọ́ kan rọ́bà ilẹ̀kùn. "Rọ́bà yìí ló ti wọ́. Ó ti gbó ni. Màá ní kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. Ó gbára lé apá àga, ó dìde, ó sì kọjú sí yàrá rẹ̀ níbi tí báàgì wà.

Ìyá Télọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo àga náà.

"Rọ́bà kò gbó," ló wí.

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní kò gbó. Aṣọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìdí ṣíbí kì í bọ̀ ọ́, òun ló wọ́ ọ. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́." Ó fa ìṣẹ́po náà jáde lábẹ́ kaba, pupa, ìlọ́po méjì, gbogbo ayé rí i.

Oníṣẹ́ fíríìjì mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ̀ bá ti tètè sọ! Bó bá jẹ́ pé aṣọ ló tẹ̀ ẹ́, aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná la máa fi tẹ̀ ẹ́ padà. Lónìí náà."

Ẹ̀gbọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó padà, ó jókòó, ó tún fúláàsì ṣe lórí itan.

"Ooru ló mú un," ló wí.

"Ooru ló mú un, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wí bẹ́ẹ̀."

"Tún un wí, ìyàwó. Àbúrò mi ò gbọ́."

Bí wọ́n ṣe bọ́ kaba nìyẹn, tí wọ́n pa iná fíríìjì, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì títí di ọjọ́ kejì. Bàbá Dírẹ́bà fẹ́ fi ọ̀bẹ họ yìnyín náà, oníṣẹ́ fíríìjì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sínú àpótí tirẹ̀ lọ sílé. Ni Bàbá Dírẹ́bà bá jókòó ti abọ́ tí omi ń kán sí, ó ń ròyìn bó ṣe ń kún fún wọn bí ẹni ń ka ìròyìn. Ìyá Télọ̀ ń rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó ń tẹ rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ń darí rẹ̀ láti orí àga: "Òkè níbẹ̀. O fo ibì kan. Báyìí kọ́ ni wọ́n ń tẹ rọ́bà." Ẹ̀gbọ́n alára kò tẹ rọ́bà rí láyé rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni oníṣẹ́ fíríìjì padà wá. Ìwé kọ̀, kò yọ mọ́ níbi kankan. Ó de pátákó funfun náà padà, ó tan iná, fáànù kùn wùùù. Ó gbé ife omi kan sáàárín ìsàlẹ̀ fíríìjì. "Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la. Bó bá tutù tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì dì, ẹ kó oògùn padà."

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n wa mọ́tò mọ́jú, ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán. Báàgì ìyá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti múra?"

"Kọ́kọ́ mu omi," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyàwó, bá mi fún un lómi inú fíríìjì yẹn."

Ìyá Télọ̀ gbé ife náà fún un. Ọmọkùnrin náà gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Yéè! Eyín mi!"

"Ó tutù?"

"Mọ́mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léyín!"

"Gbé báàgì mi padà sínú yàrá."

Ó gbé e. Ó jáde, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kí ló wá ṣe fíríìjì náà gan-an?"

Ìyá Télọ̀ la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Gáàsì ló tán," ló wí.

Bàbá Dírẹ́bà fò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. "Mo wí! Ṣé mi ò wí? Sukudiráfà sétí lásán ni mo fi mọ̀!" Títí tó fi kú, ìtàn yìí ló ń sọ fún gbogbo àlejò, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́.

Nígbà tí mọ́tò ọmọ náà lọ tán, Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó, kaba yẹn dà?"

"Mo ti ká a pamọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ tú u."

"Má tú nǹkan kan. Gbé e wá, ẹsẹ̀ ń tutù mí."

Ìyá Télọ̀ tẹ́ ẹ lé e lẹ́sẹ̀, àrán pupa, òwú nínú, bọ́tìnnì mẹ́jọ. Ó dúró. Ẹ̀gbọ́n fa ojú rírán lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó bo ẹsẹ̀," ló wí.

Ọdún mẹ́fà ni Ẹ̀gbọ́n tún lò lórí àga yẹn pẹ̀lú kaba lẹ́sẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ lọ, ó wá ku àwọn obìnrin méjèèjì, àti iyọ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Fíríìjì kò tún ṣàìsàn mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kú, àárọ̀ ni. Ó ti bá Ìyá Télọ̀ jà nítorí pé ó se ẹyin jù, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé bọ́tìnnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Télọ̀ lọ mú ìgò oògùn nínú fíríìjì, ó mú abẹ́rẹ́, ó padà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ na apá." Ẹ̀gbọ́n kò na apá. Ó tún un wí. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, fáànù ń kùn nínú ilé ìdáná, ó sì di ìgò náà mú sí àtẹ́lẹwọ́ títí òtútù fi tán lára rẹ̀.